Ilà Pélé Inú Bàtà Báyọ̀dé

Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo ni mo fi ọ̀bẹ ba ayé rẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ n kò gún un. Bàtà rẹ̀ ni mo gé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà máa káàánú mi kí ọ̀rọ̀ tó débì kan. Ẹ̀bi mi ni. N kò ní dì í ru Èṣù, nítorí Èṣù kò kọ́ṣẹ́ bàtà.

Ṣàfíù ni orúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Ìkòtún ni mo ti kọ́ṣẹ́ ṣúmékà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Gàníyù, tí òun náà jẹ́ ará ìlú wa. Ní 1975, ọdún tí ìjọba fi owó Údọ́jì kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, mo ti gba fúrídọ́ọ̀mù, mo sì ti ní ṣọ́ọ̀bù pákó tèmi lẹ́bàá ọjà.

Ọ̀gá ní àṣà kan tí kì í fi ṣeré. Pélé mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta náà ló sì máa ń fi ọ̀bẹ fà sínú gbogbo bàtà tó bá ṣe, níbi gìgísẹ̀, kó tó fi awọ tẹ́ inú rẹ̀. Gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba fúrídọ́ọ̀mù, Ọ̀gá á fi ibi tí yóò máa dá ihò kékeré kan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà náà hàn án, kí a lè mọ iṣẹ́ ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Tèmi wà lábẹ́ ilà àárín.

"Bàtà tí kò kọlà kò ní bàbá," ni Ọ̀gá máa ń wí. "Tó bá já lọ́jọ́ kan, ta ni wọ́n á gbé e padà wá bá?"

A máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Inú ilé kan náà ni èmi àti Báyọ̀dé ń gbé, yàrá wa kọjú síra. Ìjọ aládùúrà ni òun àti ìyá rẹ̀ ń lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn méjèèjì á wọ sùtánà funfun, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán rìn gba ojú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, nítorí ẹni tó bá wọ aṣọ yẹn kì í wọ bàtà.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí lẹ fẹ́ fi ebi pa ṣúmékà," ni mo máa ń wí fún un.

"Ebi kò ní pa ọ́," Báyọ̀dé á dáhùn. "Wá di ọmọ ìjọ, kí ìwọ náà bọ́ tìrẹ."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mùsùlùmí ni mí, ó sì ju ọdún mẹ́rin lọ tí a ti jọ ń jẹun nínú àwo kan.

Báyọ̀dé ga tó fi jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó lè wọ yàrá mi. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló ń gbá, èyí tí wọ́n ń sọ sínú àwọ̀n lókè. Ó ti jáde ìwé láti ọdún méjì, kò ríṣẹ́. Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ìkẹjà, tó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, fẹ́ wá yan ọmọ méjì láti agbègbè wa. Ẹni tí wọ́n bá yàn, ó ríṣẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ tó ní yàrá àti owó oṣù. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Akọ̀wọ́njọ ni wọ́n á ti ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olúbọ̀dé, ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Ìgbà yẹn ni àwọn ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì wá tò sórí omi bí ìdin, tí wọn kò ríbi já ẹrù sí. Ọwọ́ atukọ̀ kan nínú wọn ni Olúbọ̀dé ti ra bàtà náà fún àbúrò rẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ tí Báyọ̀dé gbé e dé. Kò wọ̀ ọ́. Ó gbé e mọ́yà bí ọmọ tuntun.

"Ṣàfíù, fọwọ́ kàn án," ó ní. "Ṣé o fọ ọwọ́ ẹ ṣá?"

Kánfáàsì dúdú ni, ọrùn rẹ̀ gùn bo kókósẹ̀. Imú rẹ̀ jẹ́ rọ́bà funfun, okùn rẹ̀ funfun, ihò kéékèèké méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Níbi kókósẹ̀, lápá inú, wọ́n lẹ aṣọ funfun róbótó kan mọ́ ọn. Ìràwọ̀ aláwọ̀ aró kan wà láàárín rẹ̀, orúkọ ènìyàn sì wà lára rẹ̀ bí ìgbà tí onítọ̀hún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

"Ta ló ń jẹ́ báyìí?" mo bi í.

"Agbábọ́ọ̀lù ni. Ó máa ń wa mọ́tò kiri gbogbo Amẹ́ríkà, á máa kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, á sì máa ta bàtà yìí fún wọn. Láti ìgbà ogun kìíní ni wọ́n ti ń ṣe é o. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ nínú òjò ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní eegun kókósẹ̀ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ fi aṣọ róbótó yìí síbẹ̀, kí nǹkan má baà máa gbá a, kí ìràwọ̀ tó wá di ẹwà. Wọ́n ti ń wọ aláwọ báyìí lọ́hùn-ún, àmọ́ èyí ni bàbá gbogbo wọn."

N kò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ. Mò ń wo ibi tí rọ́bà ti pàdé aṣọ. N kò rí ojú abẹ́rẹ́ kankan níbẹ̀. Mo ti ń ṣe bàtà láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ṣe èyí. Ó dùn mí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n wá yan ọmọ, rọ́bà imú ẹsẹ̀ òsì ṣí díẹ̀. Kò ju kí èékánná wọlé lọ. Báyọ̀dé gbé méjèèjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Bá mi lẹ̀ ẹ́, jàre. Mi ò lè gbé e fún ẹlòmíì."

"Fi sílẹ̀. Wá gbà á ní ọjọ́ Jímọ̀," mo ní.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni iṣẹ́ yẹn, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń dá ọjọ́ fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Akínbọ́lá yà sọ́dọ̀ mi. Òun ló ń ta aṣọ àwọn géńdé ní ìkóríta Ìkòtún, ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn gígùn àti ṣòkòtò bóńgò ẹlẹ́nu fífẹ̀. Ó rí bàtà náà lórí tábìlì mi, ó gbé e, ó yí i sọ́tùn-ún sósì.

"Ṣàfíù, ṣé o lè ṣe irú èyí?"

"Iṣẹ́ òyìnbó nìyẹn."

"Òyìnbó ní ọwọ́ mẹ́ta ni? Wo gbogbo ọmọ Alímọ̀ṣọ́ tó ń wá a. Owó wà lọ́wọ́ wọn, bàtà ni kò sí. Tí o bá ṣe é, gbogbo ẹ̀ ni màá gbà. Láti Àgbàdo wọ́n á máa wá béèrè Ṣàfíù."

Ó lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, èmi àti bàtà ọ̀rẹ́ mi ló kù.

Ẹsẹ̀ òsì nìkan, mo wí fún ara mi. Màá kàn wo inú rẹ̀, màá fi páálí gé àwòṣe rẹ̀, màá sì rán an padà. Mo ní n kò tiẹ̀ ní kan rọ́bà rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní màá kàn án díẹ̀.

Ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó tì mí. Òjò ń rọ̀ sórí páànù, ara mi sì ń yá gágá. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ sí etí rọ́bà, mo fà á.

Kò ṣí. Mo fà á sí i, aṣọ bá a ya. Ìgbà náà ló yé mi: wọn kò fi gọ́ọ̀mù lẹ rọ́bà yẹn. Iná ni wọ́n fi sè é mọ́ aṣọ. Ohun tí wọ́n bá ti sè pọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ṣúmékà tó lè dá a padà ní Ìkòtún.

Mo jókòó, mo ń wò ó. Bí mo bá dìde nígbà yẹn, tí mo kọjá sí yàrá òdìkejì, tí mo dọ̀bálẹ̀, ì bá bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Olúbọ̀dé ì bá tún wá òmíràn rà lọ́wọ́ atukọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì wà níwájú wa.

Dípò bẹ́ẹ̀, mo mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo gé òun náà, kí àdàmọ̀dì méjèèjì lè bára mu.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe àdàmọ̀dì rẹ̀. Mo ra kánfáàsì dúdú, mo gé àtẹ́lẹ̀ láti ara rọ́bà tí a fi ń ṣe sálúbàtà, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo sì rán an yíká. Mo tú ìràwọ̀ méjèèjì, okùn àti rọ́bà imú kúrò lára ti tẹ́lẹ̀, mo fi wọ́n sí ara tuntun. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ẹ̀rù bà mí, bó ṣe jọ ọ́ tó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Báyọ̀dé wọ̀ ọ́, ó fò lẹ́ẹ̀mejì níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ó dà bíi pé ó le díẹ̀."

"Gọ́ọ̀mù tuntun ni. Á rọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò lè bà á jẹ́," ó ní, ó sì gbá mi léjìká.

Ìyá rẹ̀ ni ó tún wá jẹ́ kí ara ni mí jù. Mary ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Wòlíì ni gbogbo ilé ń pè é. Ó gba àwẹ̀ ọjọ́ méje nítorí ọmọ rẹ̀. Bàtà kì í wọ ilé Ọlọ́run wọn, nítorí náà kò lè gbé e dé iwájú pẹpẹ. Ẹnu géètì ìta ni ó ń tẹ́ aṣọ funfun sí, tí ó ń gbé bàtà náà lé e, tí ó ń tan àbẹ́là mẹ́ta yí i ká, tí ó ń kúnlẹ̀ lórí yanrìn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo gba ibẹ̀ kọjá. Ó rí mi.

"Ṣàfíù, ọmọ mi, sún mọ́ ibí. Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń sìn."

Mo bọ́ bàtà mi, mo dúró tì í.

"Màmá," mo bẹ̀rẹ̀, "bàtà yìí..."

"Mo mọ̀. Ìwọ lo tún un ṣe. Báyọ̀dé ti sọ fún mi." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ọwọ́ tí o fi tún bàtà ọmọ mi ṣe, kò ní rọ. Ohun tí o bá ṣe fún un, Ọlọ́run á ṣe é fún ọ."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí mi, ó ń dúró.

"Àmín," ni mo wí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Akínbọ́lá ti kó bàtà méjìlá lọ́wọ́ mi. N kò ní purọ́, inú mi dùn. Mo fi aṣọ pupa tẹ́ inú ọrùn tèmi, àwọn ọmọkùnrin sì ń ká a wálẹ̀ kí pupa náà lè hàn lábẹ́ ṣòkòtò bóńgò. Wọ́n á fi ihò méjì tó kẹ́yìn sílẹ̀ láìfi okùn bọ̀ ọ́, wọ́n á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ gba iwájú ọjà kọjá. Báyọ̀dé pàápàá rí wọn.

"Ta ló ń ṣe ayédèrú yìí?" ó bi mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní Mushin ni wọ́n ti ń kó o wá."

Irọ́ kan ti di méjì.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Akínbọ́lá já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ju ẹsẹ̀ bàtà kan sórí tábìlì. Àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti là láti imú dé àárín, bí ẹnu ẹja.

"Ọmọ Ìgàndò kan ló dá a padà. Ó ní eré péré ni òun sá o, òjò ń lé òun."

Mo ti ìka bọ ibi tó là náà. Bí ẹni tó ń sá fún òjò bá lè já a, kí ni ẹni tó ń fò sókè yóò ṣe é?

Mo lọ bá Báyọ̀dé. Ó ń na ara rẹ̀ nínú àgbàlá.

"Má wọ bàtà yẹn lọ́jọ́ Sátidé," mo ní. "Wọ èyí tí o ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti mọ́ ọ lẹ́sẹ̀."

Ó wò mí. "Kí ló dé?"

"Kò sí o. Mo kàn sọ ọ́ ni."

"Ṣàfíù, láti ọjọ́ tí bàtà yìí ti dé ni ojú ẹ ò ti kúrò lára ẹ̀. Ṣé o ń jowú mi ni?"

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn. Gbólóhùn kan ló kù. Ṣùgbọ́n inú bí mi, mo sì fi ìbínú yẹn sá pamọ́.

"Ṣe bó ṣe wù ẹ́, jàre," mo ní, mo yíjú padà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí n tẹ̀ lé òun, àfi bíi pé a ò bá ara wa sọ nǹkankan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì tẹ́ pápá náà ni. Ọkùnrin méjì láti ilé iṣẹ́ náà jókòó pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Màmá Wòlíì dúró lẹ́yìn wọn nínú sùtánà, ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì gbígbóná.

Báyọ̀dé gbá a dáadáa. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà bi èkejì pé, "Kí lorúkọ èyí tó ga yẹn?" Èkejì sì kọ nǹkan sílẹ̀.

Ó gba bọ́ọ̀lù, ó sáré, ó fò. Bọ́ọ̀lù náà wọlé. Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́ nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀. Àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ òsì là, ó yọ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀, kókósẹ̀ rẹ̀ yí sínú, mo sì gbọ́ ọ. Láti ibi tí mo wà, mo gbọ́ ìró eegun yẹn.

Mo wà lára àwọn tó gbé e. Ọrùn mi ló dì mú, kò sì jẹ́ kí n fi òun sílẹ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Kò sẹ́ni tó fura sí mi. Olúbọ̀dé ni gbogbo ilé dojú kọ.

"Irú bàtà wo lo lọ rà fún àbúrò rẹ?" ìyá rẹ̀ ń bi í. "Ṣé atukọ̀ ni àbí gbájúẹ̀?"

"Màmá, mo fi ojú mi rí i. Ojúlówó ni."

"Ojúlówó ló là bẹ́ẹ̀?"

Olúbọ̀dé sunkún, ọkùnrin tó ti bímọ méjì. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ní òun á gbé bàtà náà lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Gàníyù, kí àgbà ṣúmékà sọ bóyá wọ́n tan òun jẹ ni.

"Ṣàfíù, ìwọ tó mọ bàtà, tẹ̀ lé wa," ni Màmá Wòlíì wí.

Mo tẹ̀ lé wọn. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi lójú ọ̀nà ni pé Ọ̀gá á sọ pé ayédèrú ni, wọ́n á bú atukọ̀ náà, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Ọ̀gá wọ awò ojú rẹ̀. Ó tẹ rọ́bà, ó gbóòórùn gọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà ó ti ìka bọ inú bàtà, ó sì ká awọ tó tẹ́ inú rẹ̀ sókè.

Ìgbà náà ni mo tó rántí. Ẹ̀yin ará, n kò pète rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń wí Bìsìmíláì kí n tó jẹun, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ mi ṣe fa ilà yẹn nígbà tí ọkàn mi wà níbòmíràn. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọwọ́ mi fi kọ́ ọ.

Ọ̀gá fi ìka tọ ilà náà. Ó gbé bàtà náà sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

"Olúbọ̀dé," ó ní jẹ́jẹ́, "atukọ̀ kò tàn ọ́ jẹ. Èyí kọ́ ni bàtà tí o rà. Èyí ti kọlà. Kò sì sí ẹni tó ń kọ pélé ní Amẹ́ríkà."

Ó na bàtà náà sí mi. Ilà mẹ́ta, ihò kan lábẹ́ ti àárín.

"Ṣàfíù, ọmọ ta ni èyí?"

Orúnkún mi kanlẹ̀. "Tèmi ni, sà."

"Ti tẹ́lẹ̀ dà?"

"Mo gé e, sà. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é."

Olúbọ̀dé dìde bíi pé ó fẹ́ gbá mi, ìyá rẹ̀ sì fi ọwọ́ kan dá a dúró. Ojú mi ni obìnrin náà ń wò.

"Lọ́jọ́ tí mo gbàdúrà lẹ́nu géètì," ó ní, "o ṣe àmín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O mọ̀, o sì ṣe àmín."

Kò ṣépè. Ì bá ṣépè, ìyẹn ì bá tù mí lára.

Ọ̀gá gba ọ̀bẹ tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ fúrídọ́ọ̀mù. "Máa ṣe bàtà lọ," ó ní, "o gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n má fi ilà mi sí i mọ́."

Mo lọ bá Báyọ̀dé lórí ibùsùn, sìmẹ́ńtì funfun lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"O ì bá ti bi mí," ó ní. "Ká ní o sọ pé kí n jẹ́ kí o tú u wò, ǹ bá ní kí a gbá bọ́ọ̀lù náà tán, kí a wá jọ tú u. Ìwọ ni ì bá mú ọ̀bẹ, èmi ì bá sì dì í mú."

Ó kọjú sí ògiri. Wọ́n yan ọmọ méjì mìíràn. Kí oṣù tó parí, òun àti ìyá rẹ̀ kó kúrò nílé lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Mo ń ṣe bàtà aláìnílà, àwọn èèyàn ń rà á, wọn kò mọ̀ pé ohun kan ti kúrò níbẹ̀. Àfi bó ṣe di oṣù tó kọjá, tí ẹnì kan tẹrí ba wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo sì mọ ẹni tó jẹ́ kí n tó rí ojú rẹ̀.

Báyọ̀dé jókòó, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Kókósẹ̀ náà ti gan. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀ mọ́, ó ti tó ìka méjì sókè.

"Wọ̀n ọ́n," ó ní. "Mo fẹ́ bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga. Mo ti gba iṣẹ́ akọ̀wé, ìdúró ń ni mí lára."

Mo di ẹsẹ̀ náà mú. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n.

"Kí o fi ilà sí i," ó tún wí. "Má fi sínú. Ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ni kí o fi sí, níta."

"Ọ̀gá ti gba ilà náà lọ́wọ́ mi."

"Mo ti dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Ó ní tí mo bá ti ní kí o fi sí i, kí o fi sí i."

Mo ṣe bàtà náà ní ọjọ́ mẹ́fà. Mo fa ilà mẹ́ta sí ẹ̀yìn gìgísẹ̀, mo dá ihò kan sí abẹ́ ti àárín, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Báyọ̀dé wọ̀ ọ́, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní kí n kí àwọn ará ilé.

Àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní bó bá ti ń kọjá ní ìkóríta Ìkòtún, àwọn ọmọdé á máa tẹ̀ lé e, wọ́n á máa bi í léèrè pé ta ló kọlà fún bàtà rẹ̀.

Wọ́n ní á dúró, á wẹ̀yìn wo gìgísẹ̀ náà, á sì dá wọn lóhùn pé, "Ọ̀rẹ́ mi ni."